Ẹ̀rí Tó Kù Díẹ̀ Káàtó

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, a mọ̀ pé yóò dun àwọn kan, pàápàá àwọn tí a jọ ń lọ sí ilé ìjọsìn kan náà. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa fúnra wọn ló ní kí a kọ ọ́. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, a kì bá tí láyà láti gbé e jáde.

Ẹ mọ Bàbá. Ẹni tó bá ti dé ibi àjọ̀dún àṣà wa rí ti jẹ nínú àmàlà wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Sábó ni wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò láti bí ogójì ọdún, díákónì sì ni wọ́n nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù January, àwa mẹ́ta lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn láti gba owó tí wọ́n ṣèlérí fún àjọ̀dún. A bá wọn lórí àga, ọwọ́ ọ̀tún wọn di àyà mú. Òógùn bò wọ́n lójú nínú ọyẹ́ tí gbogbo wa ń wọ ẹ̀wù òtútù. Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé a gbé ìyá ọlọ lé àwọn láyà, pé apá òsì ń ro àwọn títí dé párì ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní àkàrà àárọ̀ ló fà á, kí a sáré bá àwọn ra oògùn inú rírun.

Ìyàwó wọn dé, àwọn ìyá mẹ́ta kan tẹ̀lé wọn. Òróró jáde, àdúrà bẹ̀rẹ̀. A kò fi àdúrà náà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwa náà ń ṣe Àmín, títí kan ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 40 kọjá lójú wa, ètè Bàbá sì ń di eérú. Ẹni tó bá lanu pé ká gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n á ní kó pa ẹnu mọ́, pé ọ̀tá ló ń lo ẹnu rẹ̀. Pásítọ̀ ìjọ ló gbà wá. Wọ́n sáré wọlé, wọ́n wo ojú Bàbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní, "Ẹ gbé wọn. A ó máa gbàdúrà náà lọ lójú ọ̀nà."

Kò sí mọ́tò nítòsí. Ọmọ Hausa kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ NAPEP ló bẹ àwọn èrò tó gbé pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbé Bàbá. Nígbà tí a dé ọ̀hún, a na owó sí i, kò gbà. Ó ní, "Allah ya ba shi lafiya," ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. A kò bèèrè orúkọ rẹ̀. Ojú ń tì wá bí a ṣe ń kọ èyí sílẹ̀.

Dókítà tó gba Bàbá, obìnrin kan tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, fún wọn ní aspirin, ó ní kí wọ́n rún un lẹ́nu, kí wọ́n má gbé e mì lódindi. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ Bàbá láyà, ẹ̀rọ kan ya bí ọkàn wọn ṣe ń lù sórí ìwé gígùn. Ohun tí òyìnbó ń pè ní heart attack ni. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa mọ̀ ọ́n. Ọkàn tí ń fún ẹ̀jẹ̀ ká gbogbo ara ní iṣan tirẹ̀ tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bọ́ òun náà. Ọ̀rá a máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan wọ̀nyí fún ọdún púpọ̀, ẹni tó ni ín kò ní mọ̀. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀rá náà bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e, ọ̀nà á dí, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ lára ọkàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ìṣẹ́jú ṣe ń lọ ni ó ń kú sí i. Aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 1988, tí wọ́n fi aláìsàn 17,187 ṣe ní orílẹ̀-èdè 16, fi hàn pé nínú ènìyàn 100 tí àìsàn yìí ìbá pa láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, aspirin lásán gba nǹkan bí 23 lọ́wọ́ ikú. Oògùn olówó pọ́ọ́kú ni o! Gbogbo ìṣẹ́jú 40 tí a fi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó wà ní ilé oògùn tó kọjú sí wa.

Ọjọ́ 9 ni Bàbá lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ìsìn ọpẹ́. Wọ́n wọ aṣọ òfì, wọ́n gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n jẹ́rìí. Wọ́n ní àwọn kan ta ọfà sí àwọn, ọfà sì ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta á. Wọ́n ní Olúwa nìkan ṣoṣo ni dókítà àwọn. Ìjọ hó gèè! Àwa náà jó títí bàtà fi ń bọ́ lẹ́sẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n pásítọ̀ tó ní ká gbéra kò sí nínú ẹ̀rí náà. Dókítà obìnrin kò sí níbẹ̀, aspirin kò sí níbẹ̀, ọmọ oníkẹ̀kẹ́ kò sí níbẹ̀.

Màmá tí ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa wà nínú ìsìn náà. Kò sí ẹni tí kò jẹ àwìn rí lọ́wọ́ wọn nínú wa. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọ́n ń bì, mímí wọn kò já gaara. Àyà kò dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Báyìí ni ó máa ń rí nígbà mìíràn, pàápàá lára àwọn obìnrin àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, Màmá sì ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n sọ fún ọmọ wọn pé Ọlọ́run tó ṣe é fún Bàbá kò tíì sùn. Ààwẹ̀ ọjọ́ méjì ni wọ́n gbà. Ní ọjọ́ kẹta ni ọmọ náà sá tọ̀ wá wá ní họ́stẹ́ẹ̀lì. A gbé wọn dé ilé ìwòsàn ní alẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá wọn.

A kò sọ pé ẹ̀rí Bàbá ló pa Màmá. Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n tilẹ̀ tètè dé, ohun tó ṣẹlẹ̀ náà ni ìbá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò tètè dé, ohun tí wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà sì wà lára ohun tó dá wọn dúró sílé. Èrò wa ni pé ẹni tí Ọlọ́run bá yọ, kí ó sọ gbogbo ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà yọ ọ́. Ẹni tó bá gé ìdajì rẹ̀ sọnù, kì í ṣe pé ó fi ògo fún Ọlọ́run jù wá lọ. Ó fi ohun tí ẹlòmíràn ìbá fi rí ìyè pamọ́ ni.

Èdè pàápàá dá kún ìṣòro yìí. "Ọkàn" kan náà tí a fi ń gbàgbọ́ ni a fi ń pe ẹran ara tí ń lù kìkì nínú àyà. Nígbà tí wọ́n bá tún wá ní heart attack, "attack" yẹn ni etí wa ń gbọ́: ìkọlù ni, ta ló wá kọ lu ẹni náà? Ní July 7, 1998, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá kú ní àtìmọ́lé. Àwọn onímọ̀ tó wá láti òkè òkun yẹ òkú wọn wò, wọ́n ní àrùn ọkàn ni. Ilé Yorùbá mélòó ni wọn kò tíì jiyàn lé e lórí títí di òní? A kò dá àwọn tó ń jiyàn lẹ́bi, ẹni tí wọ́n tì mọ́lé fún ọdún mẹ́rin, ó yẹ kí á bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru láti ọdún 15, tí ń fi iyọ̀ kún ọbẹ̀ tó ti níyọ̀, kí ló tún ń wá ọ̀tá ní ìdí bàbá?

Àwọn kan sọ fún wa pé báyìí ni àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ ṣe ṣe é. A gbà. Nígbà tí àrùn inflúẹ́ńsà jà ní 1918, tí àwọn Joseph Ṣàdàrè àti Sophia Ọ̀dúnlámì di àdúrà mú ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí oògùn kan láyé tó rí àrùn náà mú. Nígbà tí èrò ń wọ́ tọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá lọ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní 1930, ẹni mélòó nínú wọn ni ilé ìwòsàn wà nítòsí rẹ̀? Kò pẹ́ sí i ni wọ́n bá àwọn òyìnbó ajíhìnrere Apostolic jà nítorí pé àwọn yẹn ń lo kuiníìnì, ibẹ̀ sì wà lára ohun tó bí ìjọ C.A.C. A bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìlú Bàbá gan-an ni Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn Onítẹ̀bọmi ní 1907, tí iṣẹ́ náà dàgbà di ilé ìwòsàn ńlá. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì gbé ìjọ náà dé ọ̀pọ̀ ìlú òkè Ọya. Ìjọ tó gbé Bíbélì àti abẹ́rẹ́ wá pọ̀, báwo ni a ṣe wá ju abẹ́rẹ́ nù?

Wọ́n ka ọ̀rọ̀ Ọba Ásà sí wa létí, èyí tó wá àwọn oníṣègùn tó sì kú. Ẹ tún un kà: ẹ̀bi rẹ̀ ni pé kò wá Ọlọ́run rárá. Ẹ sì wá ka ti Hesekáyà. Ọlọ́run ti fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀ tán, síbẹ̀ Àìsáyà ṣì ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan náà wà lódì kejì tí wọ́n ń fi àdúrà rẹ́rìn-ín. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006 ni wọ́n ń gbé lé ahọ́n: aláìsàn 1,802 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, àwọn àjèjì gbàdúrà fún apá kan nínú wọn, kò sì mú ìyàtọ̀ rere kan wá. A ti gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àjèjì wọ̀nyẹn kò se ọbẹ̀ aláìníyọ̀ wá fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a lọ sọ ọ̀rọ̀ Màmá fún Bàbá, wọ́n sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí wọn kò sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ẹ̀rù kò ba àwọn nínú kẹ̀kẹ́, ọwọ́ pásítọ̀ wà nínú ọwọ́ àwọn. Ilé ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé etí lé ìrọ̀rí lóru, wọ́n á máa gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n á máa kà á, wọ́n á sì máa retí ìgbà tí yóò dákẹ́. Wọn kò lè sùn. Ìyàwó wọn á dìde jókòó, á máa kọ orin jẹ́jẹ́ títí oorun yóò fi gbé wọn lọ. Àwọn díákónì pín oru láàárín ara wọn, ẹnì kan ń sùn ní pálọ̀ lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ìyá mẹ́ta tó da òróró sí wọn lórí náà ló ń gbé oúnjẹ tí kò ní iyọ̀ wá, wọn kì í sì í lọ bí Bàbá kò bá tíì jẹ ẹ́ tán. Ìjọ dá owó san èyí tó ju ìdajì nínú gbèsè ilé ìwòsàn.

Wọ́n tún sọ ọ̀kan. Lẹ́yìn ìsìn ọpẹ́, wọ́n kó gbogbo oògùn wọn dà nù. Ẹni tó ti jẹ́rìí pé Olúwa nìkan ni dókítà òun, ojú á tì í bí ènìyàn bá bá a níbi tó ti ń gbé oògùn mì. Pásítọ̀ ló rí páálí òfìfo lórí ààtàn, tí wọ́n lọ fi owó ara wọn ra òmíràn. Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ kan kì í kọjá kí pásítọ̀ má wá. Wọ́n á gbàdúrà lé oògùn náà lórí, wọ́n á dúró títí Bàbá yóò fi gbé e mì.

Ní tiwa, a ti yọ nínú owó àjọ̀dún, a ti fi ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó wà ní yàrá ẹgbẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú àwọn òbí yín wá bí wọ́n bá wá kí yín.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni Bàbá fẹ́ jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ti lọ pe dókítà obìnrin yẹn, ó sì ti ní òun yóò wá. Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ni a kò tíì rí. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá máa ń gbé àga jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa wo ojú àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní bí kò bá fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn yóò gbé àga fún un sí ẹnu ọ̀nà, ibi tí ohùn yóò ti dé etí rẹ̀.