Ẹ Má Tì Í Padà Sórí Pápá Kó Tó Tó Àsìkò

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù la fẹ́ bá yín sọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fara pa, gbogbo wa la máa ń sáré dé ọsibítù, a ó gbàdúrà, a ó dáwó. Iyẹn dáa. Àmọ́ tí ọmọ bá ti jù igi ìtilẹ̀ sílẹ̀ báyìí, àwọn òbí á ní kíláàbù kan ń bọ̀ wá wo àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó lọ. Àwọn kan nínú ìjọ á tún ní kó fò sókè níwájú pẹpẹ láti fi jẹ́rìí.

A ò fara mọ́ méjèèjì. Kí ẹsẹ̀ má dunni mọ́ yàtọ̀ sí kó lágbára.

Ẹ rántí Ronaldo ti Bràsíl (kì í ṣe ti Portugal o, ẹ̀yin ọ̀dọ́). Oṣù kọkànlá 1999 ni iṣan eékún rẹ̀ ya nígbà tó wà ní Inter Milan. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Lóṣù kẹrin 2000, ó padà wọlé bí arọ́pò nínú àṣekágbá ife Ítálì pẹ̀lú Lazio. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí eékún yẹn fi já pátápátá, kò sì sẹ́ni tó fara kàn án. Ó ju ọdún kan lọ kó tó tún padà. Nígbà tó wá padà dáadáa, góòlù 8 ló gbá wọlé ní Ife Àgbáyé 2002, ó fi 2 nínú rẹ̀ na Jámánì ní àṣekágbá.

Ẹni tí wọ́n bá tún okùn inú eékún tí wọ́n ń pè ní ACL ṣe fún, kò yẹ kó padà síbi ìdíje kó tó pé oṣù 9. Oṣù nìkan kọ́ o. Físíò á ní kó fi ẹsẹ̀ kan fò, á wọ̀n ọ́n, á ní kó fi èkejì fò. Bí èyí tó ṣèṣe kò bá tó 90 nínú 100 ti èkejì, sùúrù ló kù. Ó máa kọ́kọ́ sáré gbọọrọ, kó tó kan yíyí bìrí, kó tó kan ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀.

Ẹ̀rù tún wà níbẹ̀. Eékún lè jinná kí ọkàn má tíì jinná. Tó bá dé ìdí bọ́ọ̀lù tó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ojo, ẹ má ní kò nígbàgbọ́. Òun ló mọ ohun tí etí ẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ tó ṣubú. Jésù jí ọmọbìnrin Jáírù dìde tán, ó ṣì ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ. Iṣẹ́ ìyanu ti ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù fáwọn ará ilé.

Torí náà, owó bàtà tuntun tí ẹ fẹ́ dá, ẹ jẹ́ ká fi san owó ọkọ̀ àti owó físíò láwọn oṣù tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń dáwọ́ dúró, torí wọ́n rí i pé ọmọ ti ń rìn. Ẹ bẹ kóòṣì kó jẹ́ kó máa wá síbi ìdánrawò, kódà tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń bá wọn ṣà, kó má dá wà nílé. Ẹni tó bá mọ físíò tó lè yọ̀ǹda Sátidé kan lóṣù fún wa, kó rí wa lẹ́yìn ìsìn.