Ta Ni Yóò Sanwó Ọkọ̀ Wa Dé Pàkàtà?

Ìyá àgbà kan wà ní Pàkàtà tí a lọ bá lọ́dún tó kọjá. Ọ̀kan nínú wa ló ń kó orin òṣèlú àtijọ́ jọ fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀. Ìyá kọ orin kan tán, ó kọ ìlàjì èkejì, àárẹ̀ mú un. Ó ní, "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ó bá àbúrò mi náà nílé." A kò padà lọ lọ́sẹ̀ náà. Owó ọkọ̀ láti Tánkè dé Pàkàtà, àlọ àtàbọ̀, lè má jẹ́ nǹkan kan lójú ẹni tó ń gbowó oṣù, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹlẹgbẹ́ wa ń wá owó tí yóò fi tẹ orí kìíní iṣẹ́ rẹ̀ fún alábòójútó. Fóònù tó fi ń gba ohùn sílẹ̀ pàápàá ti kún. Ìgbà tí a ó fi padà débẹ̀, wọ́n ti sin ìyá.

Orin Tálákà Parapọ̀ ni ìyá ń kọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí à ń gbé Tánkè, tí à ń gun ọkọ̀ lọ sí ọgbà fásitì lójoojúmọ́, kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan wà ní Ìlọrin yìí tí wọ́n ń pè ní Ìlọrin Tálákà Parapọ̀. Àwọn mẹ̀kúnnù ló dá a sílẹ̀ nítorí owó orí àti ìnira àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀. Wọ́n bá ẹgbẹ́ Action Group dọ́wọ́ pọ̀, wọ́n sì borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn ọdún 1950, lójú NPC tó ń ṣèjọba Àríwá. Kò pẹ́ tí ìjọba Àríwá fi tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ẹ gbọ́ ná: àwọn tálákà fi ìbò gba ìgbìmọ̀ ìlú lọ́wọ́ ọlọ́lá, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ ìtàn ìjọba tiwa-n-tiwa, a kò mọ ohun tí yóò jẹ́ ẹ.

Níbo la ti lè ka ìtàn yìí? Ọ̀kan pàtàkì nínú ìwé tó sọ ọ́ ni Nigerian Political Parties tí Richard Sklar, ará Amẹ́ríkà, kọ. Ó jáde ní 1963. Ọdún 1930 ni wọ́n bí Sklar, nítorí náà ọ̀dọ́ olùwádìí ni nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ náà. A kò bá a jà o. Ó ṣe é, ó ṣe é dáadáa, kí Ọlọ́run san án fún un. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, orin tí àwọn ìyá wa kọ kò sì sí nínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1956 ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún báyìí. Mélòó ló kù? Ọdún mélòó ni wọ́n ṣì máa fi dúró dè wá?

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n ti sọ ọ́ sí wa létí rí, nínú ọkọ̀, ní yàrá, kódà níbi ìgbéyàwó: "Yorùbá lẹ̀ ń kà, kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ ìdìbò?" Ẹni tó bá ń bèèrè bẹ́ẹ̀ kò sí ní Kwara ní 2019 ni. Gbólóhùn kúkúrú kan, "Ó tó gẹ́," ló gba ìgboro kan, tó wọ inú ọjà, tó wọ inú orin, tó sì bá ìjọba tó ti pẹ́ lórí oyè wọlẹ̀. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni "Dìbò kóo sebẹ̀" gbalé gboko lásìkò ìbò Èkìtì àti Ọ̀ṣun. Èdè Yorùbá kan náà tó lé ẹni tí ará ìlú kò fẹ́ mọ́ ni wọ́n tún fi ra ìbò lọ́wọ́ ará ìlú. Ta ló yẹ kó ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí, bí kì í bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá?

Ẹ tún wo èyí. Nínú ìdìbò ààrẹ 2023, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀, àwọn tó jáde dìbò kò tó mílíọ̀nù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nínú ìwọ̀nba ìbò yẹn náà, 939,278 ni wọ́n fagi lé. Ní 2019, iye tí wọ́n fagi lé kọjá mílíọ̀nù kan. Ẹni tó tò sínú oòrùn láti àárọ̀, tó tẹ̀ka, tó sì lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú, kò mọ̀ pé ìbò òun ti di pàǹtí. Ṣé ẹnìkan ti lọ bá àwọn ìyá ọlọ́jà, pé báwo ni wọ́n ṣe ṣàlàyé ìwé ìdìbò fún yín, èdè wo ni wọ́n fi ṣe é, kí lẹ gbọ́ nínú rẹ̀? Ọ̀kan nínú wa fẹ́ ṣe é. Ó pa kókó náà tì nígbà tó ṣírò owó tí yóò ná an láti dé Àfọ̀n àti Ọ̀fà nìkan. Ó padà yan ìtúpalẹ̀ ìwé eré-oníṣe kan, tí ó lè ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àwọn mẹ́ta mìíràn ti ṣiṣẹ́ lórí ìwé yẹn ṣáájú rẹ̀.

Àwọn kan á ní TETFund wà. Ó wà lóòótọ́, láti ara owó orí tí ilé iṣẹ́ ń san, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ni owó ìwádìí rẹ̀ wà fún. NELFUND náà wà: owó ilé-ìwé àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà fún oúnjẹ lóṣù, ẹ̀yáwó sì ni. Ẹni tó ń fi ẹ̀yáwó jẹun kò ní fi í wọkọ̀ lọ gba orin sílẹ̀.

Owó nìkan kọ́. Ẹlẹgbẹ́ wa kan kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba kan, ó ń bèèrè àbájáde ìdìbò wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní ta ló rán an, ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló ń bá ṣiṣẹ́. Òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà láti 2011, ọjọ́ méje péré ló sì fún ọ́fíìsì láti dáhùn. Ní 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ méje ti di oṣù márùn-ún báyìí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ̀yin gan-an là ń bá wí. Ẹ ń ṣe dáadáa, a rí àga tí ẹ rà, a jẹ ìrẹsì ọjọ́ àpèjẹ yín. Ṣùgbọ́n owó kéèkì ọjọ́ yẹn yóò gbé akẹ́kọ̀ọ́ méjì yí ká Ìlọrin fún oṣù kan. Ẹ dá àpò kékeré kan sílẹ̀ fún ìwádìí lórí òṣèlú àti ìlú. Kí olùkọ́ méjì àti ẹ̀yin méjì máa yẹ kókó wò, kí ẹ sanwó ọkọ̀, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti ìwé títẹ̀, kó tán. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ dáhùn lẹ́tà tí àbúrò yín bá kọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́ rédíò, ẹ jẹ́ kí a ka àbájáde rẹ̀ fún ará ìlú, nítorí àpilẹ̀kọ tó parí sórí pẹpẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, eku ló ń kà á.

A ò fẹ́ owó olóṣèlú sí i o. Wọ́n ti fi lọ̀ wá rí, ẹni náà sì fẹ́ kí àwòrán òun wà lẹ́yìn ìwé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a bá tiwa lọ.

Àbúrò ìyá náà ṣì wà láàyè. A ti ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ní ká wá lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àwa mẹ́rin là ń lọ. Owó ọkọ̀ àlọ ti pé.