Ààrẹ dá owó kánsù dúró, kóòtù ní kò lẹ́tọ̀ọ́

Lọ́dún 1979 ni Nàìjíríà gba ìṣèjọba ààrẹ bíi ti Amẹ́ríkà. Ibo gan-an ni agbára ààrẹ mọ?

Ará Mazamaza ti jẹ nínú ìyà ẹ̀. Lọ́dún 2004, torí pé Gómìnà Tinúbú dá LCDA 37 sílẹ̀, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní kí wọ́n dá owó gbogbo kánsù Èkó dúró, títí kan Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Owó tí kánsù fi ń sanwó oṣù nìyẹn o!

Lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ààrẹ ò láṣẹ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé LCDA ọ̀hún kò tíì fìdí múlẹ̀ láìsí ọwọ́ ilé aṣòfin àpapọ̀. Síbẹ̀, owó náà kò jáde tán títí Ọbásanjọ́ fi lọ. Yar'Adua ló tú u sílẹ̀ lọ́dún 2007.