Ẹsẹ̀ Mi Ti Jiná

Inú ilé wa gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti wá. Lẹ́tà kan ni ó bí i.

Oṣù kẹta ń lọ tí àbúrò mi ọkùnrin ti wọ ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní Zaria. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn tuntun níbẹ̀ kí wọ́n tó di sójà. Ibẹ̀ yàtọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kaduna ní 1964, níbi tí àwọn tí yóò di ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà ti ń lo ọdún márùn-ún. Láti ọjọ́ tí ó ti wọlé ni fóònù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìyá mi kò fọwọ́ sí ìrìn náà. Láti 2009 tí ogun Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀, ìgbàkígbà tí ìròyìn bá sọ pé sójà ṣubú ní Borno ni wọ́n máa ń pa rédíò. Ní òwúrọ̀ tí àbúrò mi ń lọ, ó dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. Wọn kò dáhùn, wọn kò sì jáde. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó jẹ́ kí ọmọ kúrò nílé láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ súre fún un. Ó dìde, ó gbọn eékún rẹ̀, ó sì gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni awakọ̀ kan tí ó ń ná ọ̀nà òkè Ọya gbé lẹ́tà rẹ̀ dé. Ojú ewé mẹ́rin ni, tí ó fà ya láti inú ìwé àjákọ. Èmi ni ó kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka èyí sí Màmá létí.” Ẹ̀gúsí ni ìyá mi ń bó lọ́wọ́. Wọn kò ní kí n kà á, wọn kò sì ní kí n má kà á. Mo kà á.

Ó ní fèrè a máa dún kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n òun ti ń jí ṣáájú rẹ̀, òun tí Màmá máa ń ta omi sí lójú kí ó tó dìde lọ sí ilé-ìwé. Ó ní aṣọ orí ibùsùn gbọ́dọ̀ le bí awọ ìlù. Bí ó bá ká kò díẹ̀, sájẹ́ǹtì yóò tú u ká, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń sáré tẹ̀lé orin nínú òkùnkùn. Hausa ni púpọ̀ nínú orin náà. Ó ní ìdajì òun kò yé òun, ṣùgbọ́n ohùn òun wà nínú rẹ̀.

Ó kọ púpọ̀ nípa ìyíde. Ó ní òun ti gbà láti kékeré pé òun mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àfi ìgbà tí òun dé pápá tí òun rí i pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn gbọ́dọ̀ balẹ̀ kí ó ró bí ẹyọ kan, bí ẹyọ kan bá sì pẹ́ balẹ̀, gbogbo wọn ni yóò tún un ṣe. Ní ti ìbọn, ó ní bí ẹni ń ki oríkì ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ka orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì tò ó padà láìwo ọwọ́. Lórí oúnjẹ, ó ní òun tí ó máa ń ṣa àlùbọ́sà kúrò nínú ọbẹ̀ ti ń jẹ túwó tán kí ẹlòmíràn tó jókòó.

Ní alẹ́, wọn a fi kíwì kun bàtà títí ojú yóò fi hàn nínú rẹ̀. Bí ìṣọ́ bá kàn án, yóò dúró nínú ọyẹ́ tí ó ń gé etí. Ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìṣọ́ jẹ́ ọmọ Tiv láti Benue. Èdè kan ṣoṣo tí wọ́n jọ gbọ́ ni Píjìn, òun ni wọ́n sì fi ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ìyá wọn.

Ibẹ̀ ni ìyá mi ti rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo wá dé ìparí: “Ẹ sọ fún Màmá pé mò ń jẹun dáadáa. Ẹsẹ̀ mi ti jiná. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.”

Ọwọ́ wọn dúró lórí ẹ̀gúsí.

“Tún ibẹ̀ yẹn kà.”

Mo tún un kà.

“Ìgbà wo ni ó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe?”

Mo wá ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí i níbẹ̀. Bàtà tuntun ni èmi fura sí, ṣùgbọ́n ìyá mi ní: “Ohun tí kò di egbò kì í jiná. Ọmọ yìí ti rìn lórí egbò, kò sì ní ẹni tí yóò sọ fún.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Ọmọ tí ó wà ní ibùdó a máa sọ ohun gbogbo tí ó lè pa wá lẹ́rìn-ín, a sì fi ìrora sí gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́yìn tí ó bá ti tán. Kì í ṣe irọ́ ni ó ń pa. Ó ń dá ààbò bo ìyá rẹ̀, ó sì tún fẹ́ kí ó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ológun ní 1942 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Ìbọn bà á ní Burma ní 1944. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni òun àti ọmọ Sierra Leone kan fi sá pamọ́ nínú igbó, tí àwọn ará abúlé ibẹ̀ ń bọ́ wọn. Ó padà wálé, ó sì kọ ìtàn náà sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ ro ilé tí ó fi sílẹ̀ ní Emùré-Ilé ní oṣù mẹ́sàn-án yẹn, tí lẹ́tà kankan kò lè ti inú igbó náà jáde. Gbólóhùn kan péré lórí ẹsẹ̀ ì bá ti dùn mọ́ wọn tó!

Ìyá mi kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀, wọ́n gbé òrí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá wá, wọ́n ní kí n mú bírò. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé kí ó máa fi òrí náà pa àtẹ́lẹsẹ̀ lálaalẹ́, kí ó sì wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé adìyẹ rẹ̀ ti pa ọmọ méje. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé ó ti parí.

“Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti súre fún un. Àlọ rẹ̀ yóò dára, àbọ̀ rẹ̀ yóò sunwọ̀n. Kọ ọ́ gàdàgbà kí ó lè rí i kà ní alẹ́.”

Mo kọ ọ́ gàdàgbà.

Bí ẹ bá ní ẹni tí ó wà ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí i. Ẹ fi owó ilé àti ìjà mọ̀lẹ́bí sílẹ̀; ẹ sọ ọ̀rọ̀ adìyẹ fún un. Bí èsì bá sì dé, ẹ má ṣe yára ká a. Ẹ ka gbólóhùn ìparí lẹ́ẹ̀mejì.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.