Ẹ Má Gbé Mọ́ọ̀tì Fún Alátọ̀gbẹ Tó Ń Lọ Sí Tíátà

Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri pé kí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ mu gúlúkóòsì tàbí mọ́ọ̀tì kó lè lágbára. Ní ti alátọ̀gbẹ, mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Òótọ́ ni pé dókítà máa ń fún àwọn kan ní omi aládùn tó mọ́ gaara, tí wọ́n á mu tán ní wákàtí 2 ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n ni. Ṣúgà alátọ̀gbẹ lè fò sókè, kí ojú abẹ kẹ̀, kó má tètè jinná. Bí àtọ̀gbẹ bá sì ti pẹ́ lára, ikùn lè má tètè gbé nǹkan sọ̀kalẹ̀. Tí wọ́n bá fún un ní oògùn oorun, ohun inú ikùn lè ru sókè, kó ya wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń pani! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìró bo mọ́ọ̀tì wọ wọ́ọ̀dù, ṣé ìfẹ́ nìyẹn?

Mi ò ní kí ẹ febi pa á o. Ẹni tó ń gba ínsúlíìnì tí kò jẹun títí di ọ̀sán, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀. Ẹ bẹ dókítà kó ṣe tirẹ̀ láàárọ̀. Ẹ bi í léèrè oògùn ṣúgà wo ni kó dá dúró, àti láti ọjọ́ wo.

Bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n tí òógùn bò ó ní wọ́ọ̀dù, ẹ pe nọ́ọ̀sì kíá. Bó bá jẹ́ nílé, ẹ fún un ní ṣúgà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wa tí ẹ bá dé. A ò ní bá yín jà.