Iṣẹ́ Tí A Kò Jábọ̀ Rẹ̀ Kò Tíì Parí

 

Ẹni tí ó bá ná ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tàbí tí ó ra nǹkan ní Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó náírà dọ̀wọ́n nítorí pé ìjọba ń pààrọ̀ rẹ̀, kò ní gbàgbé awuyewuye ìgbà náà. Oníbàárà yóò na fóònù rẹ̀ síta: "Ìyá, mo ti fi owó yín ránṣẹ́." Ìyá ọlọ́jà yóò wo tirẹ̀: "Ọmọ mi, kò tíì wọlé." Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì. Owó ti kúrò lọ́dọ̀ ẹnìkan, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Níbo ni ó wà?

Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ńláńlá ni kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Èyí tí ó rán iṣẹ́ yóò gbé e sórí ìlà, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èyí tí a rán an sí yóò wá mú un nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní ìlà iṣẹ́. RabbitMQ, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2007, àti Amazon SQS wà lára àwọn tí ń tọ́jú irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó wú mi lórí ni pé èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo rẹ̀. Ẹnìkan rán iṣẹ́, ẹnìkejì jẹ́ iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni ó padà wá jábọ̀. Ẹni tí ó jẹ́ iṣẹ́ tí kò jábọ̀ kò tíì parí iṣẹ́ náà lójú àwọn àgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni RabbitMQ ṣe lè ṣètò tirẹ̀: kò ní pa iṣẹ́ rẹ́ títí ẹni tí ó gbà á yóò fi jábọ̀, bí ẹni náà bá kú sójú ọ̀nà, iṣẹ́ yóò padà sórí ìlà. Nítorí náà, ipò mẹ́rin ni iṣẹ́ lè wà: ó ń dúró, ó wà lọ́wọ́ ìránṣẹ́, a ti jábọ̀ rẹ̀, tàbí kò ṣeé jẹ́, a sì yà á sọ́tọ̀.

Nísinsìnyí, àwọn ènìyàn ti ń fún aṣojú ọgbọ́n àtọwọ́dá ní irinṣẹ́ láti bẹ ìlà iṣẹ́ wò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé ìlànà MCP jáde, èyí tí ó mú kí ó rọrùn láti so irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ aṣojú. Dípò kí ẹlẹ́rọ jí lóru láti máa ka iye, yóò bi aṣojú pé: mélòó ni ó ń dúró? Èwo ni ó ti pẹ́ jù níbẹ̀? Ó dára púpọ̀.

Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kí a fún aṣojú ní ojú kí a tó fún un ní ọwọ́. Wíwò àti mímú kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní Amazon SQS, a lè béèrè iye iṣẹ́ tí ó wà lórí ìlà láìfọwọ́ kan nǹkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye náà jẹ́ ìfojúbù. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà láti ka inú iṣẹ́ kan láìgbà á. Bí aṣojú bá gbà á, iṣẹ́ náà yóò fara pamọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ tòótọ́; 30 ìṣẹ́jú-àáyá ni bí a kò bá yí i padà. Bí ó bá ń gbà á léraléra kí ó lè wò ó, ètò lè kà á sí pé iṣẹ́ náà kò ṣeé jẹ́, kí ó sì jù ú sí ìlà àwọn tí a yà sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni olùbẹ̀wò ṣe ń ba ohun tí ó wá bẹ̀wò jẹ́. Èyí tí ó burú jù ni ti aṣojú tí a ní kí ó wádìí ìdí tí ìlà fi gùn, tí ó sì gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Ìlà kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ìyá ọlọ́jà ńkọ́?

Àwọn kan yóò fi òwe dá mi lóhùn pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí aṣojú lo làákàyè. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó padà bi ẹni tí ó rán an. Nígbà tí Aláàfin ń rán àwọn Ìlàrí, wọ́n a máa fá apá kan orí wọn, kí ẹni tí ó rí wọn lè mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti wá. Ó yẹ kí aṣojú òde òní náà ní àmì tirẹ̀: kí àkọsílẹ̀ fi hàn pé òun ni ó wò, àti ẹni tí ó rán an, kí ó má sì fọwọ́ kan ohunkóhun láìgba àṣẹ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ẹ̀yin tí ń kọ́ èdè Yorùbá ní Ọ̀yọ́, ẹ pàdé ara yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́ sójú fóònù pé: "Iṣẹ́ yín ń dúró." "Ó wà lọ́wọ́ ìránṣẹ́." "A ti jábọ̀." "Kò ṣeé jẹ́." Ká ní ìyá ọlọ́jà rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2023 ni, ìbínú ìbá dínkù, oníbàárà kì bá sì di olè lójú ọjà.

Ire o.