Ta Ni Akẹ́kọ̀ọ́: Ọmọ ni Tàbí Aṣọ?

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí, ó sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí díẹ̀ ló kù kí n kó ìyá ọlọ́mọ sínú irọ́.

Ní àdúgbò wa ní Ọbaníkòró, àwọn ìyá mẹ́rin kan wà tí wọn kò fi ọmọ wọn sí ilé-ìwé. Ẹ má tíì bínú o! Àwọn ọmọ náà kì í kiri ọjà. Tíṣà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní ń kọ́ wọn ní ìṣirò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ìyá tí ń ta oògùn ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì. Ìyá aránṣọ ń kọ́ wọn ní Yorùbá àti ìtàn. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n. Mo ti yẹ ìwé wọn wò, iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́rú kan, mo bá wọn jáde lọ wo ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, èyí tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1957. Nígbà tí dáńfó dúró, ìyá aránṣọ ní, “Kọ̀ńdọ́, jọ̀ọ́ ọmọ mi, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, gba ìdajì.” Kọ̀ńdọ́ wò wọ́n láti òkè délẹ̀. “Màmá, akẹ́kọ̀ọ́ wo? Yunifọ́ọ̀mù wọn dà? Ẹ san owó yín pé, àbí kí ẹ gbé wọn lẹ́sẹ̀.”

Ọmọ ọdún méjìlá ha ṣe é gbé lẹ́sẹ̀ bí? A san owó pé. Owó oúnjẹ ọ̀sán ni a san yẹn. Omi nìkan ni àwọn ọmọ rí mu ní Oníkan.

Èmi kò bá kọ̀ńdọ́ wí. Àánú ni ìdajì tí dáńfó ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé, aṣọ ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, mo dá ìmọ̀ràn kan tí ojú ń tì mí láti sọ. Mo ní, “Ṣebí Ṣómólú nìyí, tí atẹ̀wé pọ̀ bí ewé? Ẹ jẹ́ kí á tẹ káàdì ilé-ìwé fún wọn.” Ní ọjọ́ kejì a dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ọkùnrin náà mú bírò, ó ní, “Orúkọ ilé-ìwé wo ni kí n kọ?” Èmi àti ìyá aránṣọ wo ojú ara wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó tẹ̀ lé wa ní, “Màámi, ṣé mo ti ń lọ sí ilé-ìwé ni?” Ẹnu wa wọhò. A kí atẹ̀wé pé ó dàárọ̀, a padà sílé. Irọ́ tí a bá fi gbé ọmọ lọ síbi ẹ̀kọ́, òun gan-an ni ọmọ yóò kọ́kọ́ kọ́.

Síbẹ̀, ẹ bá mi rò ó. Ní ìlú London, láti ọdún 2005 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò. Ọmọ tí ń kàwé nílé kò yàtọ̀ sí èyí tí ń lọ sí ilé-ìwé. Ní Èkó níhìn-ín, nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ gé owó bọ́ọ̀sì rẹ̀ sí ìdajì ní oṣù kẹjọ. Kò wà títí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bèèrè yunifọ́ọ̀mù. Láti oṣù kẹta ọdún 2008 ni BRT ti ń gba iwájú wa kọjá lójú ọ̀nà Ìkòròdú, káàdì Cowry ni èrò sì fi ń san owó rẹ̀ báyìí. Káàdì tí ó mọ iye owó tí ó kù nínú rẹ̀, ṣé kò lè mọ ọjọ́ orí ẹni tí ó ni ín?

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ̀yin òbí, ẹ fún ẹgbẹ́ yín ní orúkọ tirẹ̀, kí ẹ tẹ òtítọ́ sára káàdì: àwòrán ọmọ, ọjọ́ orí, àti pé ilé ni ó ti ń kàwé. Bí kọ̀ńdọ́ bá gbà, ẹ dúpẹ́. Bí kò bá gbà, ẹ sanwó. Ẹ jáde lẹ́yìn tí èrò àárọ̀ bá ti dínkù, kí ẹ bá awakọ̀ dúnàá-dúrà kí ẹ tó wọlé. Ẹ kọ ìwé sí LAMATA tí ń bójú tó BRT, pé kí wọ́n fi ọjọ́ orí díwọ̀n owó ọmọdé. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ bá wọn fọwọ́ sí i, nítorí ọmọ kíláàsì yín tí ó wọ aṣọ ilé ní ọjọ́ Sátidé, owó odindi ni òun náà ń san. Kí ẹ sì rántí pé òfin ọdún 2004 pọn dandan kí ọmọ kẹ́kọ̀ọ́ títí yóò fi parí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi “ẹ̀kọ́ ilé” bo ọmọ tí ń kiri mọ́lẹ̀.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, a tún lọ sí Oníkan. Ọmọbìnrin yẹn fi káàdì tòótọ́ kọ́rùn. Kọ̀ńdọ́ kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gba owó rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, a ti di ìrẹsì dání láti ilé.